Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí O Ti Mọ̀ Ló Ń Ka Ìwé Èdè Àjèjì fún Ọ

Ṣé o mọ̀ pé àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì lójú ìwé yìí, àwọn tó ń ka èdè àjèjì ló bá wa dá a sílẹ̀? Àwọn ará Róòmù àtijọ́ kì í fi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́tà ń tẹ̀lé lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹni tó ń kàwé ni yóò máa fi ẹnu ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Kò ni wọ́n lára, torí èdè Látìnì ni wọ́n gbọ́ dàgbà. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì gbé ìwé Látìnì dé Ireland, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ kò gbọ́ Látìnì lẹ́nu ìyá wọn. Inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní ọ̀rúndún keje àti ìkẹjọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń dà kọ, kí ojú lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ló tún gbà kí àṣà náà tó tàn ká gbogbo Yúróòpù.

Dán an wò fúnra rẹ: adéraaṣọfúnìyàwórẹ̀níìbàdàn. O ti kà á. O mọ ẹni tó ra aṣọ, o mọ ẹni tó rà á fún, o mọ ìlú tó ti rà á. Ọmọ Jámánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá kò ní mọ ibi tí yóò ti gbá a mú. Lẹ́tà kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń wò. Ohun tó ti wà lórí rẹ kí ojú rẹ tó kan ìwé náà ló ṣe ìyàtọ̀, òun sì ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa nínú gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èdè Lárúbáwá? Nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Lárúbáwá, ṣíṣi Kùránì kà di ohun tó ń ba àwọn àgbà lẹ́rù, torí pé ìkọ̀wé ìgbà yẹn kì í fi fáwẹ̀lì kúkúrú hàn. Ìtàn fi yé wa pé Abu al-Aswad al-Du'ali, tó kú ní nǹkan bí ọdún 688, ló kọ́kọ́ fi àmì tótótó sí i. Al-Khalil ibn Ahmad, ní ọ̀rúndún kẹjọ, ló wá tún un ṣe sí àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí ọmọ ilé kéú ń kà títí dòní. Ìwé ìròyìn Cairo kì í fi àwọn àmì náà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà kó tó lè pè é. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ka Kùránì geere fi lè dúró ṣáá níwájú ìwé ìròyìn Lárúbáwá.

Àmì ohùn tó wà lórí èdè Gíríìkì àtijọ́ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ sọ pé ní Alexandria, ní nǹkan bí ọdún 200 kí a tó bí Jésù, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí i, nígbà tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Gíríìkì ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń ka èdè náà.

Ṣé o mọ iye ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o mọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kí ìwé tó lè yé ọ láì bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀? Nǹkan bí 98 ni. Ní ọdún 2000, Hu àti Paul Nation tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ìtàn kan, wọ́n yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rọ́pò wọn, wọ́n sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti kà. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ 80 nínú 100, ìtàn náà kò yé ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bó ṣe yẹ. Nínú àwọn tó mọ 90, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yé. Nínú àwọn tó mọ 95, ó yé àwọn kan, kò yé ọ̀pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ibi 98 ni wọ́n dúró sí.

Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, máàkì tí òbí yóò torí rẹ̀ pa adìyẹ fún ọmọ ni nílé ẹ̀kọ́. Nínú ìwé kíkà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún, o kò mọ ọ̀kan. Mú ojú ìwé tó ní ọ̀rọ̀ 300. Bí o bá mọ 80 nínú 100, ọ̀rọ̀ 60 ni o kò mọ̀ lójú ìwé kan ṣoṣo. Bí o bá mọ 95, ó ku 15. Bí o bá mọ 98, ó ku 6. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, o lè fi òye gbé e. Ọgọ́ta, kò sí ọgbọ́n tí o fẹ́ dá sí i.

Nítorí náà, kí o tó ra ìwé, ṣí i sí àárín, má ṣe sí ìbẹ̀rẹ̀, torí òǹkọ̀wé máa ń rọra bẹ̀rẹ̀. Ka ojú ìwé kan, kí o máa ka iye ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀. Bí kò bá ju mẹ́fà tàbí méje lọ, gbé e lọ sílé. Bí ó bá tó 15, ìwọ àti olùkọ́ tàbí ìwé atúmọ̀ èdè ni ẹ ó jọ kà á. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dá a padà sórí pẹpẹ, o ṣì lè wá a wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tí wọ́n gbé ìwé tó ju agbára rẹ̀ lọ lé lọ́wọ́, tí wọ́n wá ń pè é ní olódo. Kò sí olódo níbẹ̀. Ìwé náà ni wọ́n kò wọ̀n mọ́ ọn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ lọ́nà tó yani lẹ́nu? George Kingsley Zipf ti Harvard ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1949: ìba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń jáde nígbà gbogbo, ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ ni kì í jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “the” nìkan ń kó nǹkan bí mẹ́fà nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí a bá kọ. Ní ọdún 1953, Michael West, tó ti ṣe olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Bengal, tẹ àkójọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000 tó wúlò jù lọ jáde. Nǹkan bí 80 nínú 100 ọ̀rọ̀ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ ni àkójọ náà kó. Ní ọdún 2000, Averil Coxhead ti Wellington, ní New Zealand, fi ìdílé ọ̀rọ̀ 570 lé e, irú èyí tó ń jáde nínú ìwé yunifásítì. Àwọn náà kó nǹkan bí 10 sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra JAMB tàbí tó ń lọ sí yunifásítì, tó wá ń kó ọ̀rọ̀ gàgàrà tí ẹnikẹ́ni kì í lò sórí, ibi tí èrè kò sí ló ti ń ṣòwò.

Ó tún kù díẹ̀ o. Nation ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2006 pé láti ka ìtàn àròsọ tàbí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láì ní ìrànlọ́wọ́, ènìyàn nílò ìdílé ọ̀rọ̀ 8,000 sí 9,000. Ìdílé kan ni “teach”, “teacher” àti “teaching” jẹ́. Kò sí ẹni tó lè jókòó kó 9,000 sórí bí ẹni kó ìsọdipúpọ̀ sórí. Inú ìwé ni wọ́n ti ń wọlé, lẹ́yìn tí o bá ti pàdé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́pọ̀ ìgbà.

Torí èyí ni wọ́n ṣe ń kọ àwọn ìwé onípele. Oxford Bookworms, fún àpẹẹrẹ: ìpele kìíní kò kọjá ọ̀rọ̀ 400, ìpele kẹfà dé 2,500. Àgbàlagbà tó ń ka ìpele kìíní kò sọ ara rẹ̀ di ọmọdé.

O gbọ́ ti Fiji rí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì 250 lọ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko ibẹ̀, níbi tí ìwé ti ṣọ̀wọ́n. Àwọn kan ń kà á jẹ́ẹ́, àwọn kan ń bá olùkọ́ kà á pọ̀. Àwọn mìíràn ń bá ẹ̀kọ́ gírámà wọn lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ka ìtàn tẹ̀síwájú nínú kíkà Gẹ̀ẹ́sì ní ìlọ́po méjì àwọn tí kò rí ìwé kà. Ìtàn tó dùn ni wọ́n kà, kì í ṣe àyọkà ìdánwò.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn oníṣègùn Japan kan ka odidi ìwé Dutch nígbà tí kò sí ìwé atúmọ̀ èdè kankan láti Dutch sí èdè wọn? Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, torí mi ò mọ ibòmíràn tí ọgbọ́n ìwé kíkà ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1771 ni. Sugita Genpaku àti Maeno Ryotaku lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀daràn ní Edo, ìlú tí a ń pè ní Tokyo lónìí, láti wo bí wọ́n ṣe ń la òkú. Àwọn méjèèjì ló mú ìwé kan náà dání: ìwé àwòrán inú ara ènìyàn tí Johann Adam Kulmus, ọmọ Jámánì, kọ, tí wọ́n ti túmọ̀ sí Dutch. Wọ́n gbé àwòrán inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ìfun, gbogbo rẹ̀ ló bára mu. Ohun tí ìwé ìṣègùn àtayébáyé tí wọ́n gbà láti China sọ kò bá a mu. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ wálé ni wọ́n ti pinnu pé àwọn yóò túmọ̀ ìwé náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nílé Maeno. Maeno ti lọ sí Nagasaki, ó ti kó ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ jọ. Sugita kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B.

Wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ara, níbi tí ohun gbogbo ti ṣókùnkùn. Àwòrán ara láti òde ni wọ́n kọ́kọ́ mú, iwájú àti ẹ̀yìn, torí wọ́n mọ orí, wọ́n mọ imú, wọ́n mọ àyà. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ ohun tí ìwé náà ń sọ nípa wọn. Síbẹ̀, gbólóhùn kan péré tó ń ṣàlàyé irun tó hù lókè ojú gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n dé orí imú, ọ̀rọ̀ kan dí wọn lọ́nà. Ìwé náà ní imú jẹ́ nǹkan kan báyìí láàárín ojú, wọn kò sì mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Maeno ní ìwé kékeré kan tó mú bọ̀ láti Nagasaki. Wọ́n tú u, wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà níbi méjì. Ó ní bí ènìyàn bá gé ẹ̀ka igi, ojú ibi tó gé náà yóò di bẹ́ẹ̀; bí ó bá gbá àgbàlá, ìdọ̀tí yóò kó jọ di bẹ́ẹ̀. Sugita rò ó títí. Ojú igi tí a gé máa ń wú sókè bó bá ń jinná. Ilẹ̀ tí a gbá jọ máa ń di òkìtì. Imú náà sì ni ohun tó yọ sókè láàárín ojú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ohun tó yọ sókè” ni. Sugita ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní ọdún 1815, ìdùnnú ọjọ́ náà kò sì tíì tán lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá rí ojútùú rẹ̀, wọ́n á fa àmì àgbélébùú sínú òbírípo sí i lára, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń pàdé lóṣù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́n lè ka ìlà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ níbi tí kò bá le. Ní ọdún 1774, ìwé náà jáde pẹ̀lú orúkọ Kaitai Shinsho. Ìwé atúmọ̀ èdè Dutch sí ti Japan àkọ́kọ́ kò jáde títí di ọdún 1796, ọdún 22 lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá ń gbìyànjú láti fòye gbé ọ̀rọ̀ kan, má ṣe gbára lé ibi kan ṣoṣo tí o ti rí i. Fi àmì sí i, kọjá, kí o sì dúró dìgbà tí yóò tún yọjú. Ibi méjì ló gba Sugita là.

Ṣé o mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi ṣí ìkọ̀wé Íjíbítì àtijọ́? Òkúta Rosetta tí àwọn ọmọ ogun Faransé rí ní ọdún 1799 ní ọ̀rọ̀ kan náà ní irú ìkọ̀wé mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ Gíríìkì tí wọ́n lè kà. Orúkọ ọba Ptolemy ni wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀. Champollion, tó ti kọ́ èdè Coptic dáadáa, ló parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1822. Michael Ventris náà, ní ọdún 1952, orúkọ àwọn ìlú Crete ló ràn án lọ́wọ́ láti ka ìkọ̀wé Linear B. Ìwọ náà, bí o bá gbé ìwé ìròyìn Faransé lọ́wọ́, kọ́kọ́ fi ojú wá orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, ọdún àti iye owó. Kí o tó ka gbólóhùn kan tán, o ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà kan, kó má sì yé ọ rárá? Ní ọdún 1972, John Bransford àti Marcia Johnson ka àyọkà kan sí etígbọ̀ọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà. Ó ní kí ènìyàn kó àwọn nǹkan jọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kó má ṣe púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì tún un ṣe nígbà mìíràn. Èdè abínibí wọn ni, kò sí ọ̀rọ̀ líle kan níbẹ̀. Orí wọn dàrú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún pé ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ ni, ó yé wọn, wọ́n sì rántí rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n sọ fún lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ tán, kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti ìgbéyàwó tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 1979, Margaret Steffensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Íńdíà ní lẹ́tà méjì kà, ọ̀kan nípa ìgbéyàwó Amẹ́ríkà, èkejì nípa ti Íńdíà. Kálukú yára ka ti ilé rẹ̀, ó sì rántí rẹ̀ jù. Nínú lẹ́tà Amẹ́ríkà, ìyàwó wọ aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ àgbà, ohun ìwúrí sì ni lọ́dọ̀ wọn. Ará Íńdíà kan rántí rẹ̀ pé aṣọ náà ti gbó, kò bá ìgbà mu. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní àbùkù. Àṣà tó fi kà á ló yàtọ̀. Rò ó wò bí ẹni tí kò mọ àṣà wa ṣe máa ka ìtàn ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó lè rò pé ó ṣẹ̀ wọ́n ni.

Ohun tí èyí kọ́ mi, tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ka ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá kí o tó kà á ní èdè àjèjì. BBC Yorùbá ti wà láti ọdún 2018. Ka ìròyìn kan níbẹ̀ láàárọ̀, kí o wá ka ìròyìn kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ní Faransé bí o bá wà ní Kútọnu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ka orí ìwé nípa ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kó ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè abínibí. Àwọn kan ń pe èyí ní ìrẹ́jẹ. Ìrẹ́jẹ kọ́. Ohun tí Sugita ṣe náà ni, ó ti fi ojú rí inú ara kó tó ka ìwé rẹ̀.

Ṣé o sì mọ̀ pé ilẹ̀ wa níbí ni ọ̀kan nínú ẹ̀rí tó lágbára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wá? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ló ń kọ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ọ dé òpin ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ohun tí wọ́n ti ṣe dáadáa.

Ní ọdún 1979, Jim Cummins ní Canada gbé àbá kan kalẹ̀ tó bá èyí mu: òye ìwé kíkà tí ọmọ ní ní èdè kìíní rẹ̀ máa ń bá a wọ èdè kejì. Ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń wá kókó nínú ìpínrọ̀ Yorùbá kò tún ní kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òbí tó lé Yorùbá jáde nílé kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìpìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ń wú. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ láì fẹnu pọ́n ọn.

Àwọn kéékèèké díẹ̀ báyìí, kíákíá. Ṣé o mọ̀ pé ojú kì í yọ̀ gẹẹrẹ lórí ìlà? Ó máa ń fò ni, á dúró fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, á tún fò. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì máa ń rí lẹ́tà púpọ̀ sí i ní apá ọ̀tún ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí? Ìwádìí ọdún 1981 fi hàn pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Hébérù máa ń yí i sí apá òsì bí wọ́n bá mú ìwé Hébérù. Ṣé o mọ̀ pé “librairie” Faransé ilé ìtàwé ni, kì í ṣe ibi tí a ti ń yá ìwé kà, àti pé “Je n'ai que dix francs” kò sọ pé n kò ní fráǹkì mẹ́wàá, ó ní mẹ́wàá péré ni mo ní? Ṣé o mọ̀ pé “hardly” àti “unless” lè gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìdánwò àkàyé? Ọ̀rọ̀ kékeré ló ń yí gbólóhùn po. Òun ni kí o fa ìlà sí nídìí.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé atúmọ̀ èdè lè ṣi ọ lọ́nà? Ní ọdún 1987, George Miller àti Patricia Gildea kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ní kí wọ́n wo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi í ṣe gbólóhùn. Ọmọ kan wo “erode”, ó rí “eat out” lára ìtumọ̀ rẹ̀, ló bá kọ ọ́ pé ìdílé àwọn máa ń “erode” gan-an, torí wọ́n máa ń jẹun níta. Ka gbogbo ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ka àpẹẹrẹ, kí o wá padà sínú gbólóhùn tí o ń kà láti wò ó bóyá èyí tí o mú bá a mu.

Kató Lomb, ọmọ Hungary tó ń ṣe ògbufọ̀, tó gbáyé láti ọdún 1909 sí 2003, kì í tètè nawọ́ sí ìwé atúmọ̀ èdè. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó ń kọ́ èdè Rọ́ṣíà níkọ̀kọ̀. Ìwé Gogol ló fi pamọ́ sáàárín ojú ìwé gbédègbẹ́yọ̀ tó nípọn, tó ń kà á. Nígbà tó bá kọ́kọ́ ń ka ìwé, ọ̀rọ̀ tó bá yé e láti inú gbólóhùn nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Àwọn tí kò yé e, ó di ìgbà kejì.

Ṣé o mọ̀ pé kíkọ ìtumọ̀ sáàárín ìlà kì í ṣe àṣà ọ̀lẹ? Ìwé Ìhìnrere Lindisfarne, tí wọ́n fi Látìnì kọ ní nǹkan bí ọdún 700, ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Aldred ló kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹwàá, òun sì ni Ìhìnrere tó pẹ́ jù lédè Gẹ̀ẹ́sì tó ṣì wà. Ní Borno, ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ń kọ ìtumọ̀ sáàárín ìlà Kùránì wọn ní èdè Kanembu àtijọ́. Ní ilé kéú lọ́dọ̀ tiwa, ẹnu ni àáfà fi ń ṣe é: yóò ka gbólóhùn Lárúbáwá kan, yóò dúró, yóò sọ ọ́ ní Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ọ́ tẹ̀lé e. Bí ó bá di Ráḿdàánì, Ajánàsí yóò ka ẹsẹ, oníwàásù yóò tú u. Lo pẹ́ńsù, kọ ọ́ wẹ́wẹ́, má sì kọ ọ́ sórí gbogbo ọ̀rọ̀, àfi èyí tí o kò mọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé títún ìwé kà léraléra máa ń jẹ́ kí o rò pé o ti mọ̀ ọ́n ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ? Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán an wò ní ọdún 2006. Àwọn kan tún àyọkà kà, àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rántí 42 nínú 100, àwọn tó pa ìwé dé rántí 56. Bí o bá ka ojú ìwé kan tán, pa á dé, kí o sì sọ ọ́ fún ẹnìkan ní Yorùbá bí ẹni ń sọ ìròyìn. Ibi tí ẹnu rẹ bá ti kọ́, ibẹ̀ ni kò yé ọ, ibẹ̀ nìkan sì ni kí o padà sí.

Ṣé o gbọ́ bí Heinrich Schliemann, ẹni tó wú ìlú Troy, ṣe kọ́ èdè Rọ́ṣíà? Ní Amsterdam ní ọdún 1844, kò rí olùkọ́ kan. Ìwé gírámà àtijọ́ kan ló ní, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè àti ìtàn Telemachus tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Rọ́ṣíà. Ó ti kó ìtàn náà sórí ní Faransé tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí yóò jẹ́ tuntun sí i. Ó gba ọkùnrin kan sílẹ̀, fráǹkì mẹ́rin lọ́sẹ̀, kó máa wá gbọ́ bí òun ṣe ń kà á sókè lálẹ́ fún wákàtí méjì. Ọkùnrin náà kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò pariwo, ó kó kúrò nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà.

O ní Telemachus tìrẹ nílé. Bí o bá jẹ́ Kírísítẹ́nì, ìtàn ọmọ onínàákúnàá wà nínú Lúùkù orí 15, ẹsẹ 11 sí 32, o sì lè rí i ní Faransé, ní Potogí tàbí ní èdè Sípéènì. Bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, Súrà Yúsúfù ni ìkejìlá, ẹsẹ 111 ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà ní èdè púpọ̀. Gbé ti Yorùbá sí apá kan, gbé ti èdè tí o ń kọ́ sí apá kejì. Ka ẹsẹ mẹ́ta sókè lónìí, kí o sì tún mẹ́ta náà kà lọ́la kí o tó kan ìkẹrin.